Oríkì Tí Tíṣà Olúrántí Jí Wọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Tíṣà Olúrántí jẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí bó ṣe ga tàbí bó ṣe pupa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan tí kò ní. Ó ní kẹ̀kẹ́, ó ní bàtà aláwọ̀ dúdú tó ń dán, ó ní ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n fi ẹ̀kọ lọ̀ tó fi le gbagidi, ó sì ní ohùn tí àwọn ìyá ìjọ máa ń dákẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò ní oríkì. Ìyá rẹ̀ kú síbi ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ajíhìnrere kan ní Ìbàdàn ló gbà á tọ́. Olóòótọ́ èèyàn ni ajíhìnrere yìí, kò fi ebi pa á, ṣùgbọ́n ó ka oríkì kíkì kún ìbọ̀rìṣà. Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, bí ọmọ bá kí àgbà láàárọ̀, àgbà á fi oríkì dá a lóhùn, orí ọmọ á sì wú. Bí Olúrántí bá dọ̀bálẹ̀ ní tirẹ̀, "Dìde, lọ gbálẹ̀" ló ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fọ́nnu pé ilé báyìí ni àwọn ti ṣẹ̀ wá, yóò ṣe bí ẹni tó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé-ìwé kékeré kan lójú ọ̀nà tó ti Èjìgbò lọ sí Isundunrin. Ó bá àwọn ọmọ níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ohùn kan náà ka ìwé bí ẹni ń gún iyán. Bí wọ́n bá ka ojú ewé tán, wọn ò mọ ohun tí wọ́n kà. Bó bá ní kí wọ́n kọ nǹkan láti inú ara wọn, ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò máa wò, kó sọ ohun tí wọn yóò kọ.

Olúrántí kó wọn jáde sábẹ́ igi ọ̀dán. Ó ní kí olúkúlùkù wo iwájú, kó wo ẹ̀yìn, kó sì kọ ohun tójú rẹ̀ rí sórí síléètì. "Ojú tìrẹ ni mo fẹ́," ló máa ń wí, "kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ìwé." Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n kọ "Igi nìyí," wọ́n kọ "Ilé nìyí." Kò bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àdìsá, ọmọ oníṣòwò kan, dìde, ó kà báyìí pé:

Ewúrẹ́ ìyá mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ mọ́ṣáláṣí,
Ẹ̀wà ìyá Joanna ló ń yọ́ lọ jẹ.
Wọ́n lù ú, ó ké mẹ̀ẹ̀;
Wọ́n kẹ́yìn sí i, ó tún padà.

Gbogbo kíláàsì wó lulẹ̀ lẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí Àdìsá tún un kà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń sáré wá sílé-ìwé kí aago tó lù. Àwọn òbí kan ṣàròyé pé àwọn ò rán ọmọ lọ kọ́wèé kó wá máa kọrin ewúrẹ́. Síbẹ̀, bí ọmọ bá kà á fún wọn lálẹ́, àwọn náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó fún wọn ní iṣẹ́ kan tó ju ti ewúrẹ́ lọ. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó ní kí wọ́n lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn bí wọ́n ṣe ń ki ilé wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníkálukú sì fi ìlà díẹ̀ tirẹ̀ kún un. Inú àwọn ọmọ dùn. Ni Bàrákátù, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bá nawọ́ sókè.

"Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń ki ẹ̀yin?"

Olúrántí yíjú sí pátákó, ó ń nu ohun tó ti nù tán tẹ́lẹ̀. "Jókòó, kọ̀wé rẹ," ló fi dá a lóhùn. Ojú tì í, nítorí ọmọ náà ò ṣẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ti Ọmọpẹ́ ló yàtọ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni, ará agboolé Àjàmú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, Abíọ́nà, ló ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iwájú síléètì ò gbà á, ó kọ ọ́ dé ẹ̀yìn:

Ọmọ a-gbin-iṣu-de-ogun.
Ogun dé, iṣu ò tíì ta.
A fi ebè sílẹ̀, a ò fi ọmọ sílẹ̀,
Àfi Ògúndìran tó padà lọ mú ajá.
Ajá dé, a ò rí Ògúndìran.
Ọmọ a-bu-oúnjẹ-sílẹ̀-de-ẹni-tó-ń-bọ̀.
Oúnjẹ ń tutù, ẹ má tìlẹ̀kùn,
Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ lọ́nà.

"Ìlà méjì ìparí, èmi ni mo fi í kún un, Tíṣà," ni ọmọ náà wí, ó ń wo ilẹ̀.

Olúrántí kà á, ó tún un kà. Ó kà á nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó kà á nígbà tó ń fọ aṣọ, títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Kò béèrè ẹni tí Ògúndìran jẹ́. Ẹni tí wọn ò kì rí ò mọ̀ pé orúkọ tó bá wà nínú oríkì, orúkọ ẹnìkan ni. Ó rò pé bí ti inú àlọ́ ni. Ó sọ fún Ọmọpẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọn yóò ti ilé-ìwé, òun ló máa kà gbẹ̀yìn, nítorí pé ohun tó dùn jù la fi í kẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibi tí ẹ̀rín náà dé nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí wá láti inú ìlú àti láti oko, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti ẹní. Àwọn ọmọ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ki ilé wọn, àwọn ìyá ń dáhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí, àwọn míì ń nu ojú. Ọmọpẹ́ nìkan ni kò wá. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ sílé. Olúrántí ti pinnu pé òun yóò dárúkọ rẹ̀, òun yóò sì bá a kà á.

Kó tó dìde ni Àjàmú, olórí agboolé Ọmọpẹ́, ti dìde. Ọkùnrin arúgbó tó fẹ́ràn àwàdà ni.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ ti mú kí àwọn ọmọ wa ki ilé wa lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ ki tiyín náà, ká gbọ́."

"Òótọ́ ni!" ni gbogbo èrò dáhùn. "Ẹ ki tiyín!"

Kò sí ìwà ibi nínú ohun tí wọ́n béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láyé wọn: ẹni tó bá ní kí ẹlòmíràn ki ilé rẹ̀, òun náà á ki tirẹ̀. Bí Olúrántí bá ti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, wọn ò kì mí rí," wọn ì bá káàánú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá ti Bàrákátù pàdé, ó rí i pé ọmọ náà na ọrùn, ó ń retí èsì ìbéèrè ọjọ́sí. Ìtìjú bò ó lójú. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni: "Ọmọ a-gbin-iṣu-de-ogun..."

Ó kì í dópin, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kò dárúkọ Ọmọpẹ́.

Ariwo tó retí kò wá. Àjàmú ti tún dìde, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Ìbọn ogun Kírìjì ń dún lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ sá kúrò lóko. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn padà lọ mú ajá rẹ̀. Ajá bá wọn lọ́nà, ọmọ ò dé mọ́. Inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Kì í ṣe oríkì tí wọ́n ń kì níta, nítorí kò sí ẹni tó lè kì í láìsunkún.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Àjàmú ò rántí sọ "ẹ" mọ́. "Níbo lo ti gbọ́ ọ? Níbo ni Ògúndìran ṣubú sí?"

Gàníyù, ará agboolé wọn, oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, gbẹ́nu sí i láti ẹ̀yìn. "Ẹ ní sùúrù, bàbá. Tíṣà, àbí Ọmọpẹ́ ọmọ wa ló kọ ọ́ fún yín?"

Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí fún Olúrántí nìyẹn. Kò gba ibẹ̀ jáde.

"Rárá o," ló wí. "Bàbá mi ló máa ń kì í."

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí àwáwí fún un pé ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Irọ́ kì í bọ́ lẹ́nu. Gbígbé la ń gbé e kalẹ̀.

Ìyá àgbà Abíọ́nà wà lórí ẹní lápá òsì. Àwọn obìnrin méjì ló fà á dìde. Ó rìn dé iwájú Olúrántí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò, ó tọ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò. "Etí Ògúndìran nìyí," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí." Ó bú sẹ́kún. Ẹni tó bá ti ń wá nǹkan láti kékeré títí tó fi darúgbó, tó wá rí i, kì í béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Olúrántí dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Ta ni ẹ rò pé ó ń gbé e wá, nígbà tí ibà ti fi í sílẹ̀? Ọmọpẹ́ ni. Yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé abọ́ kalẹ̀. "Tíṣà, ìyá ní kí n gbé e fún yín." Kò bú u, kò bi í léèrè. Ọmọdé kì í pe àgbà ní onírọ́, wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé. Kò sì wo ojú rẹ̀. Bó bá lọ tán, Olúrántí á ṣí abọ́, á rí iyán funfun nini àti ẹran tí arúgbó yọ lẹ́nu ara rẹ̀, á gbé òkèlè kan sẹ́nu, òkèlè ò ní lọ. Ó ń jẹ oúnjẹ òkú ọmọ, ó mọ̀. Ojú rẹ̀ tì í níwájú ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni Àjàmú yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a léjìká bí ẹni gbá ọmọ rẹ̀.

"O ò mọ ohun tó o ṣe fún wa," ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, Ìyá Abíọ́nà ò tìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ rí. Òjò ni o, ọyẹ́ ni o, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní bí Ògúndìran bá dé lóru, kó má baà kanlẹ̀kùn títí. Ó ti wá ń tì í báyìí. Ó ń sùn."

Ọmọpẹ́ ló kọ ọ́ pé "ẹ má tìlẹ̀kùn." Olúrántí kà á, ó pè é ní ewì. Ilẹ̀kùn gidi ni.

Ilé-ìwé wọlé padà. Bí ìṣe wọn, ó kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi ọ̀dán, ó ní kí wọ́n kọ ohun tójú wọn rí lásìkò ìsinmi. Nígbà tó gba síléètì wò, ti Ọmọpẹ́ mọ́ tónítóní. Kò kọ nǹkan kan sí i. Ti Bàrákátù náà ṣófo. Ó dé ọ̀dọ̀ Àdìsá, ẹni tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Àdìsá náà káwọ́ lẹ́rán.

"Kí ló dé? Ojú yín ò rí nǹkan kan ni?"

Ọmọkùnrin náà wo Ọmọpẹ́, ó wo Tíṣà. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Tíṣà, bá a bá kọ ọ́, ti ta ni yóò jẹ́?"

Ẹ wò ó, wọ́n ti na Olúrántí ní ẹgba rí nílé ajíhìnrere, ẹgba tó là á lára. Kò sí èyí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rò ó pé Ọmọpẹ́ nìkan lòun ṣẹ̀, pé òun á fi ọgbọ́n tù ú nínú níjọ́ kan. Kò mọ̀ pé ọmọ náà ti kà á fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo kíláàsì mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti ń kí i pé "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," tí wọ́n sì mọ̀.

Bí aago ìjáde ti lù, kò gun kẹ̀kẹ́. Ó ní kí Ọmọpẹ́ jẹ́ kí àwọn jọ lọ sílé. Wọ́n bá Àjàmú àti àwọn àgbà ilé níta gbangba, Abíọ́nà ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri. "Ògúndìran mi dé!" ló wí. Olúrántí fi àyà lélẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Kò dìde títí tó fi sọ ọ́ tán.

"Mi ò mọ bàbá mi. Kò sí ẹni tó ń kì mí. Ọmọ yìí ló kọ ọ́ sílé-ìwé. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà láti sọ pé mi ò ní oríkì, mo sì jí tiyín. Irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi kì í ṣe ọmọ Ògúndìran."

Ariwo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ gbé ọwọ́ lé e, Àjàmú ló dá wọn dúró. "Ẹ dìde, Tíṣà," ló wí. "Ẹ" ti padà sẹ́nu rẹ̀, ó sì dun Olúrántí ju èébú lọ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwé! Ẹ fi arúgbó ṣe báyìí! Ọmọ ilé yìí kankan ò ní dé ilé-ìwé yín mọ́."

Ẹ̀gúsí ṣì wà lọ́wọ́ Abíọ́nà.

"Ògúndìran tún sọ nù," ló wí. "Ti ìṣáájú, kò ṣojú mi." Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ìparí yẹn, èyí tó ní ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ lọ́nà. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ Ọmọpẹ́. Ta ló fi í kún un?"

"Ọmọpẹ́ ni, ìyá."

Arúgbó náà yíjú sí ọmọ tó ti ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. "Ìwọ náà ń bá mi retí rẹ̀?"

Ọmọpẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Abíọ́nà nawọ́ sí i, ọmọ náà lọ jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ẹ̀gúsí. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ ilé-ìwé," ni arúgbó wí fún Àjàmú. Kò tún wo ibi tí Olúrántí wà. Nígbà tí Olúrántí ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, tó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá Abíọ́nà, wọ́n fi òkúta tì í lẹ́sẹ̀ kó má baà padé.

Oúnjẹ ò wá mọ́, kò sì retí rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọmọ ohun tó ṣe, lójú gbogbo wọn, ó sì sọ fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pẹ̀lú. Ìlú gbọ́. Àwọn obìnrin ìjọ tó ń dákẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ wá ń dákẹ́ nítorí nǹkan mìíràn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń rìn lẹ́bàá ògiri bí ẹni jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun kúrò ní Èjìgbò. Ìyẹn ni mo fi yìn ín.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Ọmọpẹ́ tó tún kọ̀wé. Lọ́jọ́ náà, ó gbé síléètì wá sí tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó sì dúró. "Tíṣà, ẹ wò ó bó dára." Olúrántí kà á sínú, ojú rẹ̀ yí padà. Ó lè nù ún. Ọwọ́ ló kù kó fi pa á rẹ́. Ó dìde dúró níwájú kíláàsì. "Ọmọpẹ́, ọmọ agboolé Àjàmú, ló kọ èyí tí mo fẹ́ kà," ló wí, ó sì kà á sókè:

Olúrántí, àlejò tí ò ní oríkì,
Ó yọ́ ká tèmi lórí okùn, ó wọ̀ ọ́ jáde.
Aṣọ gùn jù ú lọ, ó ń fà á nílẹ̀,
Ìyá mi rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló dé.
Ó bọ́ ọ lójú gbogbo ayé,
Ó bọ́ ọ tán, ó dúró, kò sá.
Tíṣà ní ká kọ ohun tójú wa rí.
Ojú mi rí i.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Ó dára," ni Tíṣà wí. "Ó dára gan-an." Àdìsá nawọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Kó tó di pé aago lù, gbogbo síléètì ti kún.

Ewì ọmọdé kì í gbé inú kíláàsì. Ó dé ẹnu ìsun omi, ó dé ọjà, ó dé agboolé Àjàmú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Olúrántí ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé wọn, ó doríkodò bí ó ti máa ń ṣe. Abíọ́nà jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá," ló wí láìgbójú sókè.

Ó ti kọjá kí ó tó gbọ́ ohùn arúgbó náà lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbà ṣe ń dá ọmọ tó kí i láàárọ̀ lóhùn:

"Olúrántí, àlejò tí ò ní oríkì. Ó bọ́ ọ tán, ó dúró, kò sá."

Kẹ̀kẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wó sójú ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sóko rí Tíṣà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Kò ṣubú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àgbà kan yóò ki Olúrántí.